Bí Ẹnu Kò Bá Lè Sọ Ọ́, Kí Fóònù Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Abẹ́òkúta



Bí ẹ̀rọ bá ṣe ẹnì kan léṣe lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ọkọ̀ bá takìtì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, tí olúwarẹ̀ sì dákú, ta ni yóò sọ fún dókítà pé ó ní àtọ̀gbẹ? Ta ni yóò sọ pé ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílíìnì? Ẹni tí ó gbé e dé Ìdí-Abà tàbí Ìjàyè lè má mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá.

Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà ni a ti ń fi fóònù kí ara wa. Ó tó àkókò kí a fi gba ẹ̀mí là. Fóònù ìgbàlódé ní àyè tí a lè kọ àìsàn wa, oògùn tí à ń lò, èyí tí ara wa kọ̀, àti nọ́ńbà ará ilé sí. Bí a bá tẹ ibi tí wọ́n kọ Emergency sí, yóò hàn bí fóònù tilẹ̀ wà ní títì. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ kékeré onítọ́ọ̀ṣì, kí ó kọ ọ́ sí bébà, kí ó fi sínú àpò. Bí ẹ bá kọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má bínú bí ilé ìwòsàn bá tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Ẹni tó ń gbé ẹni tó farapa lọ, kí ó pe ilé ìwòsàn ṣáájú: kí ló ṣẹlẹ̀, nígbà wo, ṣé ó ń mí dáadáa? Bí ó bá jẹ́ ojú títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé bí ọ̀gá bá mọ àìsàn àwọn, iṣẹ́ lè bọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ó wà nínú àpò yín, kì í ṣe nínú fáìlì ọ́fíìsì. Ohun tó lè gba ẹ̀mí yín là nìkan ni kí ẹ sì kọ. Òfin Ìlera ọdún 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí. Nítorí náà, ẹ má gbé fọ́tò ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kiri lórí WhatsApp. Òfin yìí kan náà ló ní ẹni tó bá kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì láìnídìí lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Àwa náà yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pé kí nọ́ńbà ilé ìwòsàn wà lára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí fóònù tó ní owó nínú sì wà lẹ́nu géètì lọ́sàn-án lóru.

Aáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ. Kí olúkúlùkù ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ tirẹ̀ kí a tó túká lónìí.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.