Bí Òjò Bá Ká Ìdílé Mọ́ Ibi Ìgbafẹ́ Sinimá

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí ohun méjì tí kì í sábà bára wọn rẹ́: òjò àti ọjọ́ ìgbádùn. Àwọn àgbà ní eji kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Bí òbí bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi ìgbafẹ́ tí a gbé ka orí sinimá, tí òjò sì dé, ṣé owó ti ṣòfò ni, àbí ẹ̀kọ́ kan wà nínú òjò náà tí oòrùn kì bá tí kọ́ni?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, Alímòṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. 1,277,714 ni iye tí àwọn akànìyàn kọ sílẹ̀. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgándó, ilé fara kan ilé, ṣọ́ọ̀bù fara kan ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé kún ojúlé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pápá ìṣeré kò tó nǹkan. Nítorí náà, bí ọlidé gígùn bá dé, ìdílé tí ó bá rí owó kó jọ a máa wá ibòmíràn lọ. Ìparí oṣù keje ni ọlidé yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ńlá oṣù kẹfà kò tíì kúrò nílẹ̀ tán; bí ó bá sì fẹ́ parí, òjò àrọ̀kúrò ti ń dé. Ẹni tí yóò gbádùn ọlidé ní Èkó, àfi kí ó fi òjò sínú ìṣirò.

Kí ni ibi ìgbafẹ́ sinimá? Ibi tí a ti ń fi sinimá dá ènìyàn lára yá ni, yálà nípa fífi ibi tí a ti ń yà á hàn án, tàbí nípa kíkọ́ ilé àti ẹ̀rọ ìṣeré tí ó fara jọ ohun tí ó ti wò nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1915, Carl Laemmle ṣí Universal City ní California, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ya sinimá. Ó gba àwọn ará ìlú láyè láti san sẹ́ńtì 25, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wo bí àwọn òṣèré ti ń ṣiṣẹ́. Sinimá kò tíì ní ohùn nígbà náà, nítorí náà ariwo àlejò kò pa iṣẹ́ lára. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò, ó sì di ọdún 1964 kí wọ́n tó tún máa fi ọkọ̀ gbé àwọn ènìyàn yí ibẹ̀ ká. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 1955, Walt Disney ti ṣí Disneyland, níbi tí ọmọdé ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú ìtàn tí ó ti wò. Ọ̀kan nínú ohun tí Universal fi ń dá àlejò lára yá ni òjò àtọwọ́dá àti agbàrá tí ń ya bọ̀ láti orí òkè bí ọkọ̀ wọn ti ń kọjá. Ọmọ Ìkọ̀tún yóò rẹ́rìn-ín sí èyí: agbàrá tí òun ń fò kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹlòmíràn ń sanwó wò.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìtàn tirẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n fi sinimá han àwọn ará Èkó ní gbọ̀ngàn Glover. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Hubert Ògúndé, ẹni tí ó ti ń kó ẹgbẹ́ òṣèré kiri láti ọdún 1945, gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979 àti Jáyésinmi ní ọdún 1980. Ó sì dá abúlé sinimá sílẹ̀ ní Òsósà, ìlú rẹ̀ lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, kọ́ abúlé sinimá tirẹ̀ sí Igbójàyè ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Aníkúlápó, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìdílé kan láti Ìgándó ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà tí ó bí bàbá. Wọ́n gbéra ní ìdájí, wọ́n dé ibi ìgbafẹ́ sinimá, wọ́n sanwó ìwọlé tán, ojú ọ̀run sì ṣú. Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń gbé ọmọ lọ sókè dúró. Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún. Bàbá fajú ro, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí á máa lọ sílé. Owó wa ti bómi lọ.” Ṣùgbọ́n ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ṣé nítorí ẹ̀rọ nìkan ni o fi kó wa wá? Sinimá ni wọ́n ní wọ́n ń ṣe níbí. Jẹ́ kí wọ́n fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn wá.”

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí bàbá mọ̀ ni pé kì í ṣe ìrẹ́jẹ ni dídúró tí ẹ̀rọ dúró. Bí omi bá wọ ìjánu ẹ̀rọ mìíràn, ó lè máa yọ̀. Irin gíga ní gbangba kò sì yẹ ní ibi tí ènìyàn ń wà nígbà tí mànàmáná bá ń kọ. Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná a máa dé ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró àrá ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ó tó rin kìlómítà 1. Bí ọmọ bá rí mànàmáná, tí ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀sán-án kí ó tó gbọ́ àrá, kìlómítà 3 péré ni ó jìnnà sí i. Abẹ́ òrùlé ilé gidi ni ó yẹ kí ó ti máa ka èyí, kì í ṣe abẹ́ igi.

Ohun kejì ni ìyá àgbà béèrè fún. Òjò gidi kì í fẹ́ hàn nínú kámẹ́rà. Ẹ̀kán rẹ̀ kéré, ó sì ń yára já bọ́. Bí iná bá tọ̀ ọ́ wá láti iwájú, kámẹ́rà a máa wò ó kọjá bí ẹni ń wo inú gíláàsì. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ sinimá ṣe ń gbé páìpù tí a lu ihò sí lára lọ sókè, kí ẹ̀kán omi lè tóbi. Wọn a sì gbé iná sí ẹ̀yìn òjò náà, kí ibi tí ó wà lẹ́yìn sì ṣókùnkùn. Nígbà náà ni ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò máa tàn. Òjò gidi tún lè dá nígbà tí eré kò tíì parí: bí aṣọ òṣèré bá tutù nínú àwòrán kìn-ín-ní, tí ó sì gbẹ nínú ìkejì, àṣírí tú. Ariwo rẹ̀ lórí páànù a sì máa bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀, débi pé wọ́n lè ní láti tún ohùn gbà lẹ́yìn náà. Ìgbà tí ọmọ bá mọ gbogbo èyí ni yóò tó yé e pé àrá inú sinimá, tí ń sán ní kété tí mànàmáná bá kọ lókèèrè, ọwọ́ ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ Alímòṣọ́ ń wo sinimá nílé, wọ́n ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n ń rí ènìyàn tí ń di ẹyẹ, wọ́n ń rí owó tí ń tú jáde láti inú igbá. Ọmọ tí a kò fi iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn àwòrán hàn lè gba gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, kí ó sì mú ẹ̀rù tàbí ojúkòkòrò rẹ̀ dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń rọ òjò láti inú páìpù yóò máa béèrè lọ́wọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó ṣe ọ́, báwo ni ó sì ti ṣe ọ́? Ìbéèrè yìí kò ní ba adùn sinimá jẹ́. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò jẹ́ kí ọmọ bu ọlá fún oníṣẹ́, kí ó má sì di ẹrú iṣẹ́ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé kò sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ ní àgbègbè òjò, kí ó kọ́ gbọ̀ngàn tí ó ní òrùlé kí ó tó ra ẹ̀rọ; ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ fún pápá lè wá gbọ̀ngàn kan fún àwọn ọmọ. Olùkọ́ ní tirẹ̀ kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí olùkọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándó tí òjò orí páànù kò tíì gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu rí. Kí ó lo wákàtí náà. Kí ọmọ kan mi ẹ̀wà gbígbẹ nínú àtẹ, ìró òjò ni yóò gbọ́. Kí òmíràn gbá páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú ní etí, kí ó gbọ̀n ọ́n, àrá ni yóò sán. Ọ̀nà tí àwọn eléré orí ìtàgé ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kí ẹni kẹta gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn omi tí a ń wọ́n, kí kíláàsì wo bí ẹ̀kán rẹ̀ ti ń tàn.

Òjò kò ní ṣàìrọ̀ nítorí ọlidé ẹnikẹ́ni. Bí ìdílé kan bá padà sí Ìgándó ní alẹ́ pẹ̀lú aṣọ tútù, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ń jiyàn nínú ọkọ̀ lórí ibi tí ó yẹ kí a gbé iná sí, ọjọ́ náà kò ṣòfò.