Àpótí Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àlejò àti onílé, mo mọ̀ pé òfin ìjọba ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, torí iṣẹ́ ọ́díítọ̀ tí mo ṣe fún ọdún 33. Ẹ fọwọ́ wọ́nú fún mi, ìrìn-àjò kan ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọdún kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo rin apá kan nínú ọ̀nà tí àwọn Kristẹni ń gbà lọ sí Santiago de Compostela ní orílẹ̀-èdè Spéènì, níbi tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù Àpọ́sítélì wà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń rìn ín. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé yóò rin nǹkan bí kìlómítà 780. Láti Logroño dé Burgos ni tèmi, nǹkan bí kìlómítà 120. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni yóò pàdé mi ní Burgos. Ọfà aláwọ̀ yẹ́lò ni ó ń júwe ọ̀nà lára ògiri àti òkúta. Àlùfáà kan, Elías Valiña, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n káàkiri láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ènìyàn kì í sáábà ṣìnà níbẹ̀.

Owó mi ni ó ṣìnà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ATM kan gbé káàdì mi mì. Ọmọ mi ti kìlọ̀ pé kí n pín owó sí ibi méjì, mo sì dá a lóhùn pé mo ti ń ṣọ́ owó ìjọba kí wọ́n tó bí i. Ojú wá tì mí láti pè é. Yúrò 4 ni ó kù lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta sì ni ó kù kí n tó dé Burgos.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wọ Grañón, abúlé kékeré láàárín oko àlìkámà, èyí tí ó gbẹ̀yìn ní ẹkùn La Rioja. Kò jìnnà sí Santo Domingo de la Calzada, ìlú tí wọ́n fi orúkọ Dominic sọ, ẹni tí ó kú ní 1109 lẹ́yìn tí ó ti la ọ̀nà, tí ó kọ́ afárá àti ilé àlejò fún àwọn arìnrìn-àjò. Inú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yìí ni wọ́n ti ń gba àlejò sùn. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tẹ́ mátíráàsì pẹlẹbẹ sílẹ̀, a sì sùn ti ara wa bí àwa ọmọdé ti máa ń sùn nígbà ọdún tí ẹbí bá kún ilé. Obìnrin tí ó gbà wá kì í gba owó oṣù. Ìsinmi rẹ̀ ni ó fi ń sìn níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó gbé omi iyọ̀ wá kí ó tó bi mí lórúkọ. (Ẹ̀yin alhájì wa tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn láti Mínà dé Àràfá mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí.) A jọ gé àlùbọ́sà, a jọ jẹun, a jọ fọ abọ́. Lẹ́yìn náà ni a ń gba àbẹ́là lọ́wọ́ ara wa, kí kálukú fi èdè rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi ń rìn. Yorùbá ni mo sọ. Mo ní ìyàwó mi ni ó fẹ́ rin ọ̀nà yìí, ikú kò jẹ́.

Àpótí onígi kan wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, owó sì wà nínú rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ní kí ènìyàn fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sílẹ̀, kí ó sì mú ohun tí ó nílò. Mo wá ìwé àkọsílẹ̀ yíká. Kò sí.

Ní aago méjì òru, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ̀kalẹ̀, mo mú yúrò 20. Mo dé ìdajì àtẹ̀gùn, mo padà, mo sọ yúrò 4 tèmi sínú rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn lè wẹ̀ mí mọ́. Gbangba ni wọ́n ní kí n mú un, síbẹ̀ ara mi ń gbọ̀n bí ara olè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jẹ́wọ́ fún obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí àpótí fi wà nìyẹn. Mo ní n ó fi owó náà ránṣẹ́ láti Burgos. Ó ní kí n fún ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 1956, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé bàbá mi dé Kàdúná yìí. Ilé ará Ọ̀fà kan ni ó sùn sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí ẹní, ní pálọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó mú onígbọ̀wọ́ wá.

Ṣùgbọ́n ní 2004, tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ wa: onígbọ̀wọ́ méjì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, rìsíìtì owó ẹgbẹ́ ọdún mẹ́ta. Ní ọdún tí ó kọjá, opó kan nínú wa gba fọ́ọ̀mù náà, kò dá a padà. (Ó gbà kí n sọ ọ́ láìdárúkọ òun.) Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ó tà láti san owó ilé-ìwé ọmọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun kò rí ẹni méjì tí òun lè gbé ojú yẹn tọ̀ lọ. Mo mọ ojú tí ó ń sọ. Òun náà ni mo gbé sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ní aago méjì òru.

N kò ní kí a ṣí àpótí ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. A mọ ara wa. Àbá mi ni pé kí akápò àti ìyá ẹgbẹ́ lè fún ènìyàn ní iye tí kò ju ₦20,000 lọ, láìsí onígbọ̀wọ́, láìdárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Àbá náà ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, yóò sì wá sí ìpàdé gbogbogbòò oṣù tí ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá dìbò. Èmi yóò fi ₦40,000 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí yúrò 20 Grañón ṣì wà lọ́rùn mi.