Omi Ni A Ó Kọ́kọ́ Sìn Kí A Tó Sin Ẹja

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ń mu ún àti ẹni tí ń fi í wẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ sin ẹja, tí ó sì fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ pọ̀ mọ́ ọn nínú omi kan náà ní àgbàlá rẹ̀, omi ní ọ̀tá, ọ̀tá náà kò sì ṣeé fi ojú rí. Omi lè mọ́ gaara, kí ẹja inú rẹ̀ sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ẹni tí ó ti kó owó rẹ̀ lé iṣẹ́ náà ṣe ń pàdánù láàárín oṣù kìn-ín-ní, tí yóò sì máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta ọmọ ẹja fún un.

Ọ̀nà ọ̀sìn yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹja wà nínú táńkì. Ẹ̀rọ ń fa omi táńkì lọ sí orí àpótí tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí a gbin ẹ̀fọ́ sí. Omi náà yóò gba àárín òkúta kọjá, yóò sì padà sínú táńkì. Ohun ẹ̀gbin tí ó ti ara ẹja jáde di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ sì ń bá ẹja tún omi ṣe. Ní àwọn ọdún 1980, James Rakocy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virgin Islands, ní erékùṣù St. Croix níbi tí omi tí kò níyọ̀ ti ṣọ̀wọ́n, ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá ń wò kọ́. Epìyà, ẹja ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n fi ṣe é. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àrọ̀ ni ó wọ́pọ̀ nínú táńkì àgbàlá, nítorí pé ó lágbára, ó sì tètè ń dàgbà.

Níbo wá ni ewu wà? Bí ẹja ti ń mí ni ó ń tu amóníà sínú omi. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, tí ó sì jẹrà, náà ń di amóníà. Májèlé ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Oúnjẹ ẹja gíráàmù 100 lè mú amóníà bíi gíráàmù 3 jáde. Nínú táńkì tí ó gba lítà 1,000, èyí jẹ́ mílígíráàmù 3 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ìlànà tí FAO, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 kò fẹ́ kí amóníà kọjá mílígíráàmù 1. Oúnjẹ ọjọ́ kan péré ti tó láti fo ààlà náà.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ni Ọlọ́run fi ṣe ìgbàlà ẹja. Ní ọdún 1890 sí 1891, Sergei Winogradsky, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní ìlú Kyiv, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Zürich nígbà náà, fi hàn pé ìran kòkòrò méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí èkejì ń gbà á lọ́wọ́ èkíní. Ìran kìn-ín-ní ń sọ amóníà di nitrite, ìran kejì sì ń sọ nitrite di nitrate. Nitrite náà ń pa ẹja. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja yóò fi máa mí gúlegúle nínú omi tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Nitrate ni kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Òun sì ni ẹ̀fọ́ ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò yìí kì í yára pọ̀. Nínú táńkì tuntun, wọn kò tíì tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 5 ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó bo ara òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì tó iṣẹ́ í ṣe.

Kí ni ọlọ́gbọ́n yóò wá ṣe? Yóò pọn omi kún táńkì, yóò tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹja sí i. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, yóò jẹ́ kí ó wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ 1 tàbí 2 kí kilóríìnì lè fò kúrò nínú rẹ̀, nítorí ohun tí ń pa kòkòrò àrùn yóò pa kòkòrò rere pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, yóò máa bu oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ kí ó lè jẹrà, títí amóníà yóò fi tó bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Yóò ra ohun èlò àyẹ̀wò omi, èyí tí a ń kán oògùn inú rẹ̀ sí omi nínú ìgò kékeré, tí a sì ń fi àwọ̀ tí ó bá yọ wé àwọ̀ ara káàdì. Iye tí ó bá rí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Amóníà ni yóò kọ́kọ́ gòkè. Nígbà tí ó bá ń wálẹ̀, nitrite yóò máa gòkè dípò rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n rí i pé amóníà ti lọ, wọ́n da ẹja sínú omi, nitrite sì pa wọ́n. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí i pé nitrite náà wálẹ̀, nitrate sì bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá ń jẹrà nínú omi lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí amóníà, tí kò rí nitrite, fún ọjọ́ bíi mélòó kan léraléra, omi ti tó gba ẹja nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹja sì wọ̀ ọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kíkan omi, tí a ń fi òṣùwọ̀n pH wọ̀n, tún ṣe pàtàkì. Nínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, bí pH bá jẹ́ 7, apá tí ó ní oró líle nínú amóníà kò tó ìdá 1 nínú 100. Bí pH bá jẹ́ 9, ó ju ìdá 1 nínú 3 lọ. Bí pH bá sì rẹlẹ̀ ju 6 lọ, iṣẹ́ àwọn kòkòrò rere yóò dẹ̀. Àárín 6 sí 7 ni ó bá gbogbo wọn mu. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà gan-an a máa mú omi kan sí i; nítorí náà, ìkarawun ìgbín tí a fọ̀ mọ́, tí a sì fọ́ wẹ́wẹ́ sínú àpò kékeré, lè gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Àrọ̀ ní ẹ̀tàn kan nínú. Ó lè yọ ẹnu sókè omi kí ó mí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹ̀rọ sì dúró, ó lè má kú. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò inú òkúta kò ní ẹnu tí wọn yóò yọ síta. Bí ọ́síjìn bá tán ní ọ̀dọ̀ wọn, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú, amóníà yóò sì padà dé. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ti wá bátìrì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn kan lè ní, ṣé kì í ṣe kí a máa da omi nù lójoojúmọ́ ni? Ẹni tí ń da omi nù lójoojúmọ́ ń da oúnjẹ àwọn kòkòrò náà nù, ìdúró rẹ̀ yóò sì pẹ́ sí i. Àfi bí ẹja bá ti wà nínú omi kí ọ̀rọ̀ tó di èyí: nígbà náà, kí a dáwọ́ oúnjẹ dúró, kí a fi omi tí kò ní kilóríìnì pààrọ̀ ìdá 1 nínú 3, kí a sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, títí àyẹ̀wò yóò fi dára.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oṣù kan tí táńkì fi wà láìní ẹja kì í ṣe oṣù òfo. Ọ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹran ọ̀sìn àkọ́kọ́ ni ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.