BÍ ỌKÀN BÁ Ń ṢÀÌSÀN



Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ènìyàn, á sọ. Bí inú bá ń run ún, á sọ. Bí ọkàn ló bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa á dákẹ́. A ń bẹ̀rù pé wọ́n á pè wá ní wèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta epo pupa. Ọmọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà kò sùn mọ́, kò jẹun dáadáa mọ́, kò lọ sọ́jà mọ́. Ó ní orí ló ń fọ́ òun. A ra oògùn, a lo àgbo, a gba àdúrà. Orí ò yéé fọ́. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń bẹ nínú yín tí ẹ ò tíì sọ?" Ó bú sẹ́kún. Ó sọ̀rọ̀ títí. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó sùn. Nọ́ọ̀sì ní kó máa padà wá, ó sì ń lọ.

Ẹ ò rí i? Orí fífọ́ ló gbé e dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ló tù ú lára.

Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ní 1954, Dókítà Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aro. Àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ará ilé wọn. Ó ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́.

Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin wa, ń tún táyà ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Nígbà tí òwò rẹ̀ dàrú, ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Àlùfáà kan gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, lọ́nà Àjàṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Jacquot, ní Kútọ̀nú.

Bí ẹnì kan bá ní ayé ti sú òun, ẹ má bá a jà, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn àgbà ní: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ bi ara yín: ta ni mo lè sọ ọ̀rọ̀ inú mi fún? Ta ló lè sọ tiẹ̀ fún mi?