Ilé Tó Wà Láàárín

 

Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá lónìí. Ẹ má fòyà, n kò wá gbowó. Bí wọ́n bá bi wá pé, "Ṣé ìyà ń dínkù ní abúlé yín, àbí ó ń pọ̀ sí i?" kí la máa sọ? Ọ̀kan á ní ó sàn, èkejì á ní ó burú. Ẹnu lásán ni. Àwa tí a ti mọ̀wé kọ, ó yẹ ká lè fi ìwé dáhùn.

Ìjọba Benin ka ènìyàn ní 1979, 1992, 2002 àti 2013. Ìyẹn sọ iye ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́. Kò sọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń rí lọ́dún. Àwa fúnra wa la lè ka èyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé 9. Ilé tí mo wí kì í ṣe agbo ilé o. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni. Ká sọ pé fáráǹ tó wọlé fún wọn lọ́dún kan nìyí:

90.000, 110.000, 140.000, 160.000, 200.000, 230.000, 260.000, 310.000, 1.200.000.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 2.700.000. Ẹ pín in sọ́nà 9, ó jẹ́ 300.000. Ilé mélòó ló rí 300.000 nínú wọn? Ilé 2 péré! Ilé 7 kò dé ibẹ̀. Ẹni kan tó rí 1.200.000 ló gbé ìṣirò náà sókè. Bí wọ́n bá wá tìtorí 300.000 yìí bu owó kànga fún wa, ẹni mélòó ló lè san án? Ẹni tí kò bá lè san án á padà sódò, ọmọ rẹ̀ á sì máa mu omi ẹlẹ́gbin.

Nítorí náà, ilé àárín la máa wá. Ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, bí mo ṣe tò wọ́n yẹn. Ilé 4 wà nísàlẹ̀, ilé 4 wà lókè, ìkarùn-ún wà láàárín. 200.000 ni tirẹ̀. Èyí ló jọ ti abúlé wa. Bí olówó yẹn bá rí 5.000.000 pàápàá, ilé àárín kò ní yẹsẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ 10, ẹ mú àwọn 2 tó wà láàárín, ẹ da tiwọn pọ̀, ẹ pín in sí méjì.

Báwo la ṣe máa béèrè? Ẹ má bi ènìyàn pé, "Èló lẹ rí lọ́dún?" Ẹ̀rù owó orí á bà á, á sì gé e kúrú. Ẹ béèrè báyìí:

– Àpò àgbàdo mélòó lẹ tà? Ẹ̀pà ńkọ́? Òwú ńkọ́? Èló lẹ tà á?

– Èló lẹ fún alágbàṣe àti ọlọ́kọ̀? Ẹ yọ ìyẹn kúrò.

– Èwo lẹ jẹ nínú oko yín? Ẹ fi iye ọjà ṣírò rẹ̀. Oúnjẹ tí a kò rà, owó ni.

– Kí ni ìyá rí lórí gàrí, epo tàbí ẹ̀kọ? Ìyá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ọ̀pọ̀ bàbá kò mọ̀ ọ́n.

– Èló ni ọmọ tó wà ní Kútọnu tàbí Èkó fi ránṣẹ́?

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé náà. Nọ́ńbà nìkan tó.

Lẹ́yìn ọdún 5, ẹ tún un ṣe, ní oṣù kan náà, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ẹ má sì fi ọdún ọ̀dá kan ṣoṣo dájọ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, agbègbè tí ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀, ìbéèrè ọdún 5 ni wọ́n ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ owó ilé àárín ibẹ̀.

Ká wá sọ pé ilé àárín wa kúrò ní 200.000, ó di 260.000. Ṣé ká máa jó? Ẹ dúró ná, ẹ wo ọjà. Ẹ ṣírò iyọ̀, ọṣẹ, aṣọ, oògùn àti ìwé ọmọ. Bí ẹrù yìí bá jẹ́ 40.000 nígbà náà, 200.000 á rà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá ti di 65.000, 260.000 á rà á lẹ́ẹ̀mẹrin péré. Owó pọ̀ sí i, ilé rù.

Àwọn àgbà rántí oṣù kìíní ọdún 1994. Tẹ́lẹ̀, 50 fáráǹ wa la fi ń gba fáráǹ 1 ti àwọn Faransé. Lójijì, ó di 100. Owó àpò wa kò dín, ṣùgbọ́n ọjà òkèèrè gbówó lórí, títí kan oògùn.

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì yìí yan ẹni 3, kí obìnrin wà níbẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá bu owó omi tàbí owó ẹgbẹ́ fún wa, òun la máa gbé síwájú wọn. Ẹni tó mọ iye ohun tó ní kò ṣeé tàn jẹ. Ó dọwọ́ yín o.