Ẹ̀dá Ìtàn, Ìran àti Ìtọ́ni: Èdè Orí Ìtàgé

(Ìlù dùndún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré oníṣe ni ètò òní wà fún. Tíṣà yín á ti kọ ọ̀rọ̀ jọ sójú pátákó: ìṣí, ìran, ẹ̀dá ìtàn, olùdarí. Ẹ má kàn há wọn sórí. Ẹ jẹ́ ká mú eré kan, ká wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀.

Eré ọmọ Rẹ́mọ tiwa níbí la ó mú. Ìsarà ní Rẹ́mọ ni bàbá Wọlé Ṣóyínká ti wá. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣe *The Lion and the Jewel* rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ìlú Ìlùjinlẹ̀ ni ibùdó ìtàn. Sídì arẹwà, Lákúnlé tíṣà àti Bárókà baálẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá ìtàn tó ṣe kókó. Ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe òṣèré o. Sídì kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé, àmọ́ àwọn òṣèré tó ti ṣe Sídì pọ̀ lọ jàra.

Ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n ń pín sí ìṣí, tí ìṣí sì ń ní ìran nínú. Ṣóyínká kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ ló fi pín eré rẹ̀.

(Ìlù gbéra sókè díẹ̀.)

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Àlejò ayàwòrán kan ti dé ìlú náà rí, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà. Sídì ní kí wọ́n fi ìtàn náà ṣeré. Níbo ni wọ́n á ti rí ọkọ̀? Ọmọbìnrin mẹ́rin ló yàn pé kí wọ́n jẹ́ táyà! Lákúnlé tó ń lọ́ tìkọ̀ ni wọ́n fà wọ agbo kó ṣe àlejò. Eré inú eré nìyẹn, ara àti ìlù ló sì ń sọ ìtàn náà. Inú ìtọ́ni ni Ṣóyínká kọ ọ́ sí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ fún olùdarí àti òṣèré, tí a kì í kà sétí òǹwòran. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fo ìtọ́ni kò tíì ka eré.

Bí ìtọ́ni bá ní kí ẹ lọ sí ọ̀tún ìtàgé, ọ̀tún òṣèré tó kọjú sí òǹwòran ni, kì í ṣe ti òǹwòran.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo eré ni wọ́n ń kọ tán sínú ìwé. Hubert Ògúndé, eléré orí ìtàgé ará Òṣósà, aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú, ńkọ́? Nígbà ayé rẹ̀, orin àti ijó ló fi ń ṣí eré, bí eégún alárìnjó ṣe ń júbà kó tó pidán. Àwọn òṣèré rẹ̀ sì máa ń hun ọ̀pọ̀ ìtàkùrọ̀sọ fúnra wọn níbi ìgbáradì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kó ara yín jọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pín ẹ̀dá ìtàn láàárín ara yín, ẹ yan olùdarí, kí ẹnì kan máa ka ìtọ́ni fún un yín níbi ìgbáradì, kí ẹ sì dìde dúró ṣe eré náà.

(Ìlù, títí dé òpin.)