Òṣùwọ̀n Kan fún Akànṣẹ́ Ńlá àti Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Ikpoba Hill, Ìlú Benin, tí a tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn ará wa ní Òkè Ọya

Ẹ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá. Mo mú èyí tó máa ń sọ ìpàdé wa di ọjà ọ̀sán-gangan: nínú gbogbo àwọn tó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí, ta ni ó ga jùlọ?

Àwọn àgbà á ní Hogan Bassey ni. Ẹlòmíràn á ní Dick Tiger ni. Àwọn ọ̀dọ́ á pariwo pé, "Anthony Joshua ni, ọmọ Ṣágámù!" Láìpẹ́ ohùn á ga, ẹnì kan á dìde, ẹlòmíràn á ní kí ó jókòó. Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ni a ń jà lé lórí. Ìlú tí akànṣẹ́ ti wá ni a ń jà lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyí: òṣùwọ̀n wà tí a lè fi wọn ńlá àti kékeré, ọmọ wa àti ọmọ ẹlòmíràn. Kò sì yẹ kí àwa tí a ń gbé ní ìlú onílùú kọ òṣùwọ̀n náà sílẹ̀.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro? Ìwọ̀n ara ni. Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Zaria àti ní Jos, ẹ ti rí dambe àwọn Hausa. Àwọn alápatà ni ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi okùn di ọwọ́ kan, èyíinì ni ọ̀kọ̀ wọn. Ọwọ́ kejì á sì di asà. Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n kí ìlù tó dún. Ojú ni wọ́n fi ń wo ẹni tó tó ẹni í kò. Gídígbò tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti òyìnbó, orí òṣùwọ̀n ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ featherweight kò gbọdọ̀ ju 126 pọ́ùn lọ. Ti middleweight jẹ́ 160, ti light heavyweight jẹ́ 175. Heavyweight nìkan ni kò ní òpin. Nítorí náà Bassey kì bá tí pàdé Joshua láé, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan náà ni a bí àwọn méjèèjì.

Ẹ wo òkè tí a jókòó lé yìí. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ti orí afárá odò Ikpoba gùn ún bọ̀, tí wọ́n ń lọ sí ọ̀nà Agbor àti Asaba. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì á gùn ún tariwotariwo, gbogbo ènìyàn á sì yà fún un. Ọkọ̀ kékeré tó kó èrò kún, tó tún di àpò gàrí sẹ́yìn, á gùn ún pẹ̀lú. Bí ẹ bá bi mẹkáníìkì pé ẹ́ńjìnnì èwo ló dára jù, kò ní wo títóbi ọkọ̀. Á béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rù, àti bí ó ti gun òkè.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe nígbà ayé Sugar Ray Robinson. Heavyweight ni ó ń gba owó àti òkìkí jù, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá sọ gbogbo akànṣẹ́ di ìwọ̀n kan náà, kò sí ẹni tí yóò borí Robinson. Ó gba oyè welterweight ní 1946, ó sì gba ti middleweight lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní 1952 ó gòkè lọ bá Joey Maxim tó jẹ́ light heavyweight. Ó ń borí bọ̀ títí ooru fi dá a dúró. Láti ìgbà náà ni irú ètò yìí ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni èmi fi ń wọ̀n wọ́n. Èkíní, àwọn wo ni ó ṣẹ́gun? Èkejì, ǹjẹ́ ó kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn tó wúwo jù ú? Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó ṣubú, báwo ni ó ṣe dìde?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ wa. Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí Anthony Joshua ní 1989, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ìdílé baba rẹ̀ ti wá. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní London ní 2012. Ó gba oyè heavyweight ní 2016. Ní oṣù kẹrin 2017, ó lu Wladimir Klitschko ní abala kọkànlá ní Wembley, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣubú ní abala kẹfà. Andy Ruiz nà án ní oṣù kẹfà 2019. Kí ọdún náà tó parí ó ti gba oyè rẹ̀ padà. Ìdìde gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Oleksandr Usyk, tó ti ìpele tó fúyẹ́ jù gòkè wá, borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2021 àti 2022. Ipò kẹrin ni mo fi í sí. Àjànàkú ni, kì í ṣe mo rí nǹkan fìrí. Síbẹ̀ òṣùwọ̀n ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Hogan Bassey, ọmọ Creek Town ní Calabar. Ó kúrò nílé lọ sí Èkó, ó ti Èkó lọ sí Liverpool, bí ọ̀pọ̀ wa ti kúrò nílé. Ní 24 oṣù kẹfà 1957, ní Paris, ó lu Cherif Hamia ní abala kẹwàá, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jọba ayé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní 1958 ó gbé Ricardo Moreno ṣánlẹ̀ ní abala kẹta ní Los Angeles, ó sì dá Willie Pep dúró ní Boston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ogbó Pep nìyẹn. Davey Moore gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959. Bassey kò dé ìpele tó wúwo ju tirẹ̀ lọ láti gba oyè ayé níbẹ̀; èyí ni ó fi í sẹ́yìn àwọn méjì tó kù.

Èkejì ni Azumah Nelson ti Ghana. Ní 1982 wọ́n ránṣẹ́ pè é ní kánmọ́kánmọ́ láti bá Salvador Sánchez jà ní New York. Abala kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó lè dá a dúró. Ní 1984 ó lọ bá Wilfredo Gómez ní Puerto Rico, ìlú Gómez fúnra rẹ̀, ó sì gba oyè featherweight. Ní 1988 ó gba ti ìpele tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ènìyàn sọ pé ó ti tán, ó lọ sí Australia ní 1992, ó lu Jeff Fenech ní abala kẹjọ. Ẹni tó bá fi í sí ipò kìíní kò ṣìwèrè, n kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n Dick Tiger ni mo fi sí ipò kìíní. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Igbo láti Amaigbo, tó ń tajà ní Aba. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó pàdánù. Ẹlòmíràn ì bá wá owó ọkọ̀ padà sílé. Òun dúró. Ní 1962 ó gba oyè middleweight lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas ní 1963. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìjà kẹta wá sí Liberty Stadium ní Ìbàdàn, ní 10 oṣù kẹjọ 1963. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Joey Giardello gba oyè náà lọ́wọ́ Tiger lọ́dún náà. Tiger gbà á padà ní 1965. Emile Griffith tún gbà á ní 1966. Ẹni ọdún 36 ni Tiger nígbà náà, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́jọ lọ. Kàkà kí ó fẹ̀yìn tì, ó gòkè lọ bá José Torres, ó sì gba oyè light heavyweight ní oṣù kejìlá ọdún náà gan-an. Ó di 1968 kí Bob Foster tó gbé e ṣánlẹ̀ tí kò lè dìde kí kíkà tó pé, ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹ tún bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà: kò sí èyí tí kò dáhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Nojeem Maiyegun ń kọ́?" Òótọ́ ni, ọmọ Èkó ni, òun ni ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, bàbà ní Tokyo ní 1964. Iyì rẹ̀ kò ní parun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí akànṣẹ́ olówó ni ó ṣe gba iyì náà; ọjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí a bá fi í sínú ètò yìí nítorí pé ó ń sọ èdè wa, a ti fọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n.

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Tiger, nítorí pé ó dúró ti Biafra nígbà ogun, ó sì dá oyè MBE rẹ̀ padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní Aba ní 1971. Ẹ̀yin ará, ogun kì í pa ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣe rẹ́. Ní 1963, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Igbo ni ó gun orí pẹpẹ ìjà, tí àwọn ènìyàn wa sì ń hó fún un. Wọn kò béèrè ilé baba rẹ̀.

Àlejò ni wá níhìn-ín, àlejò ni ẹ̀yin náà ní Òkè Ọya. Ohun tí a ń bẹ àwọn onílé ni pé kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wá: ní ọjà, ní kóòtù, ní ilé ìwé ọmọ wa. Ta ni yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa bí a bá gbé òṣùwọ̀n méjì pamọ́ sílé? Ẹni tó bá lè sọ pé ọmọ Igbo kan àti ọmọ Ghana kan ṣáájú ọmọ Ṣágámù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdájọ́ òdodo nígbà tí ó bá kan òun.

Alàgà, ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kí ó mú ọdún ìjà àti orúkọ ẹni tí akànṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ́gun wá. Kí ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.